Onílé Ò Sí Nílé

Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà ńbẹ̀ o, ṣùgbọ́n bí o bá fi pè é lójú títì, kò ní bojú wẹ̀yìn. Pátákó ló ń kọ. Pátákó ṣọ́ọ̀bù, pátákó oníṣègùn eyín, pátákó "Ẹ má tọ̀ síbí". Bí ó bá ti gun àkàbà, tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ńṣe ni lẹ́tà á máa jáde bí ẹni pé ó ti wà lára pátákó látọjọ́ pípẹ́, tó jẹ́ pé eruku ni ọmọ yìí kàn ń nù kúrò lórí rẹ̀.

Ilé ìwé ni kò bá a lára mu. Kò pẹ́ níbẹ̀ tó fi jáde. Ó mọ lẹ́tà, kò mọ àmì. Èyí tó wà lókè, èyí tó wà nísàlẹ̀, èyí tó kọjú síhìn-ín, èyí tó kọjú sọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ dà bí eṣinṣin lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á gbé pátákó ti fẹ́ǹsì lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé. Ọmọ á kọ lẹ́tà tán, á sọ̀ kalẹ̀. Ìyá á gun orí àkàbà tòun ti búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí kò ju ìrù eku lọ. Á pe ọ̀rọ̀ náà sókè. Á tún un pè. Á máa fetí sí ẹnu ara rẹ̀. Ibi tí ohùn bá ti gòkè, á fà á gòkè. Ibi tó bá ti jábọ́, á fà á wálẹ̀. Tó bá kan ti ìsàlẹ̀, á kàn fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì tọ́ ọ, tọ́. Màmá Alámì ni àdúgbò sọ ọ́.

Nígbà mìíràn oníbàárà á máa bẹ̀ ẹ́ kó yí nǹkan padà díẹ̀. Á mi orí. "Ohun tí ẹ pè ni mo fi sí i. N kì í fi ohun tí wọn ò pè sí i."

Bó bá parí, á nu búrọ́ọ̀ṣì kékeré náà sára igi. Kò lo àkísà rí. "Àkísà á gbó, wọ́n á dà á nù," ló máa ń wí. "Igi ò lọ síbì kan." Bẹ́ẹ̀ ni ara igi náà ṣe di tótòtó látìdí dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé. Pupa, búlúù, funfun, àwọ̀ ewé. Gbogbo pátákó tó wà ládùúgbò ló ní tótó kan níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó kú. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ́sìbítù, wọ́n gbé e bọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kọ orúkọ rẹ̀ sára pákó tí wọ́n rì mọ́ ojú oórì. Lẹ́tà náà dára. Kò sẹ́ni tó fi àmì sí i.

Láti ìgbà náà, pátákó tó bá jáde lọ́wọ́ rẹ̀, ìhòòhò ló ń jáde. Ọ̀gá mẹkáníìkì gba èyí tó kà pé ILE OKO. Ilé ọkọ̀ ni. Obìnrin kan tí mọ́tò rẹ̀ kọṣẹ́ dé ẹnu géètì, ó kà á ní ilé ọkọ, ó ní kí àwọn tó ń bá òun tì í máa tì í lọ síwájú, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ọ̀kan jáde ni, òun ò tún wọ òmíràn. Ọkùnrin tó ń ta oògùn ní kọ̀rọ̀ gba èyí tó kà pé OJULOWO OOGUN WA. Àwọn ọmọ àdúgbò kà á ní òógùn. Nígbà tí oòrùn mú, wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ń béèrè bóyá ó ń ra tuntun, tàwọn ń ṣàn lọ́wọ́.

"Fi àmì sí i fún mi," ni olóògùn wí.

"Àmì ò sí."

"Lọ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Búrọ́ọ̀ṣì fàáké kọ́rí. Ẹnikẹ́ni ò ní gun àkàbà yẹn dípò ìyá òun.

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn tí káńsù fi gbé iṣẹ́ tirẹ̀ wá. Ẹni tí wọ́n rán ni ọkùnrin kúkúrú kan tó máa ń dé akoto, tó máa ń gbé ọ̀pá gígùn kan káàkiri láti fi wọn ẹ̀ka igi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé igi ẹ̀bá títì ò dí ọ̀nà. Ọ̀gá Ewé là ń pè é, kò sì mọ̀. Ó pe ọ̀rọ̀ náà fún Búrọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan, ó tún un pè: "Onílé ni kó máa gé igi iwájú ilé rẹ̀." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin tuntun ni.

Búrọ́ọ̀ṣì kọ ọ́. Ó tóbi, ó dúdú, ó dán:

ONILE NI KO MAA GE IGI IWAJU ILE RE

Wọ́n gbé e lọ, wọ́n tún gbé e bọ̀. Ńṣe ni wọ́n rì í mọ́ iwájú ilé Búrọ́ọ̀ṣì gan-an, lábẹ́ igi máńgòrò, nítorí pé nínú gbogbo igi àdúgbò, òun ló jẹ̀bi jù. Ewé rẹ̀ sì bo pátákó náà lójú. Bí o bá fẹ́ ka òfin tó ní kí wọ́n gé ewé, o ní láti kọ́kọ́ fọwọ́ gbé ewé sókè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀gá Ewé dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó na ọ̀pá sókè, ó mi orí. Ó wo òdòdó ẹ̀bá géètì tó ti wú bíi kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó mi orí.

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá," ni Búrọ́ọ̀ṣì wí.

"Ta ni onílé níbí?"

Búrọ́ọ̀ṣì yíjú wo ilé. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ilé náà. Búlọ́ọ̀kù tirẹ̀ ni, páànù tirẹ̀ ni, igi náà, òun ló gbìn ín. Ẹni tó bá béèrè onílé látọjọ́ yìí, ìyá ni wọ́n ń pè fún un.

"Onílé ò sí nílé," ló wí.

"Wọ́n lọ síbo?"

"Wọ́n jáde."

"Wọn ò níí pẹ́ dé?"

"N ò lè sọ, sà."

Ọ̀gá Ewé fi ọ̀pá tọ́ka. "Ẹ̀ka yìí ń ha orí bọ́ọ̀sì. Èyí bo iná títì lójú. Òdòdó yín ti gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, inú gọ́tà làwọn èèyàn ń gbà kọjá. Káńsù ò gba bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Ẹ jẹ́ n mú àdá, sà, kí n gé e."

"Ṣé ìwọ ni onílé?"

"Rárá."

"Má dán an wò! Ẹni tí kì í ṣe onílé tó bá gé igi, ẹjọ́ ni."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ gé e."

"Èmi?" Ọkùnrin náà wo ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀. "Ṣé mo jọ onílé lójú ẹ ni? Ilé háyà ni mò ń gbé."

"Tí onílé ò bá wá wá ńkọ́, sà?"

"Igi tí kò bá ní onílé, káńsù á mú ẹ̀rọ ayùn wá. Tìdí-tìdí ni wọ́n ń gé e."

Bó ṣe sọ̀yẹn tán, máńgòrò kan já látòkè, ó bà á lórí akoto, gbà! Kò tilẹ̀ wòkè. Ó dà bí ẹni tí irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ sí tipẹ́.

Búrọ́ọ̀ṣì wọlé, ó jókòó. Ọ̀rọ̀ kékeré ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi ni." Ọmọ ọwọ́ gan-an lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí òun bá ti sọ ọ́, ìyá òun ò nílé mọ́ nìyẹn. Níbi tó wà báyìí, kò ní bàtà, kò ní gèlè, kò ní búrọ́ọ̀ṣì. Ilé nìkan ló ṣẹ́kù tó jẹ́ tirẹ̀. Kí ọmọ ara rẹ̀ wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ewé?

Ọ̀gá Ewé ò dẹ̀yìn. Àárọ̀ ló ń wá, nígbà mìíràn á tún yà lọ́sàn-án. "Onílé ti dé?" "Wọn ò tíì dé." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dè wọ́n. Ìyá Télọ̀, tó ń ránṣọ ní ojúlé kejì, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Màmá Alámì láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní wúńdíá, gbé àga fún un. Ó jókòó lábẹ́ igi tó fẹ́ pa, ó ń jẹ èso rẹ̀.

"Ìyá, ẹ mọ onílé ilé yìí?"

"Mo mọ̀ wọ́n dáadáa," ni Ìyá Télọ̀ wí.

"Ìgbà wo ni wọ́n máa ń dé?"

Ìyá Télọ̀ wo Búrọ́ọ̀ṣì. Búrọ́ọ̀ṣì wo ilẹ̀. Ìyá Télọ̀ kó abẹ́rẹ́ sẹ́nu kó má baà dáhùn kíákíá, ó tún yọ ọ́. "Wọn kì í sábà dé."

"Irú onílé wo nìyẹn!"

"Onílé gidi ni wọ́n," ni Ìyá Télọ̀ wí, ó sì wọlé lọ nu ojú.

Bàbá Rédíò ló da ọ̀rọ̀ rú. Ilé rẹ̀ kọjú sí ti Búrọ́ọ̀ṣì, rédíò ló ń tún ṣe, àríyànjiyàn ló fi ń jẹun. Òdòdó tó yí fẹ́ǹsì tirẹ̀ náà ti di igbó, ẹ̀yìn sì ń dùn ún, kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó sọdá títì, ó gbé ewé sókè, ó ka pátákó. Ó tún un kà. Ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu.

"Ẹ̀yin ará, ẹ wá o! Ta ló ní kí wọ́n gé igi?"

"Òfin ni," ni ẹnì kan wí.

"Òfin wo? Ẹ fi àmì hàn mí níbẹ̀. Kò sí! Ohun tí mo rí kà nìyí: Onílé ni kó máa gẹ igi iwájú ilé rẹ̀. Gẹ̀! Kẹ́ ẹ, gẹ̀ ẹ́! Bí èèyàn ṣe ń gẹ ìyàwó."

Ohùn ìyàwó rẹ̀ jáde láti inú ilé: "Ìyàwó èwo ni wọ́n ń gẹ̀ níbí?"

"Mò ń bá ìjọba sọ̀rọ̀!" ni Bàbá Rédíò fi dá a lóhùn.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ gun igi nínú oòrùn. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n létí. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ń gẹ igi. Ẹnì kan fi ọṣẹ àti kànìnkànìn wẹ igi tirẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó fi tówẹ̀lì nù ún. Ẹnì kan ṣí agboorùn lé tirẹ̀ lórí nítorí oòrùn. Bàbá Rédíò gbé rédíò síwájú òdòdó, kó máa gbọ́ ìròyìn, kó má baà dá wà. Ìyá Télọ̀ rán kọ́là funfun kan fún igi ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì bá a mu lọ́rùn. Ọkùnrin kan tí kò kí ìyá ìyàwó rẹ̀ rí láyé dúró níwájú igi láàárọ̀, ó ń béèrè pé, "Ṣé o sùn dáadáa?"

Ọ̀gá Ewé dé. Ó rí kọ́là. Ó rí agboorùn. Ó sọ ọ̀pá sílẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"À ń pa òfin mọ́, sà," ni wọ́n wí.

Inú bí i, ó lọ sí káńsù. Wọ́n ní lọ́ọ́yà káńsù wo pátákó náà títí, ó bọ́ awò, ó tún un dé, ó ní ohun tí wọ́n gbé síta ni òfin, ohun tí wọ́n gbé síta ò sì ní àmì, nítorí náà títí tí àmì á fi dé, kí òṣìṣẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́nà méjèèjì. Bí Ọ̀gá Ewé ṣe padà wá tòun ti ojú kíkorò nìyẹn. Ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún, tówẹ̀lì lọ́wọ́ òsì.

"Ẹ̀ka yìí ti wálẹ̀ jù. Ìgbà wo lẹ wẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn?"

"Láàárọ̀, sà."

Ó fọwọ́ kan ara igi. "Ẹ ò fọ ẹ̀yìn etí ẹ̀ dáadáa."

Ibi tí etí igi wà, òun nìkan ló mọ̀.

Dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì kan ló tún fi kún un. Òun ni ẹ̀ka máńgòrò ń ha lórí lójoojúmọ́. Ó dá bọ́ọ̀sì dúró, ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó gbé ewé sókè, ó ka pátákó. "Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, ẹ ò mọ̀wé. Kì í ṣe onílé ló wà níbẹ̀ yẹn. Onílẹ̀ ni! Onílẹ̀ ni kó máa gẹ igi iwájú ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀bá títì yìí, ta ló ni ilẹ̀ ibẹ̀?"

"Káńsù!"

"Káńsù ni kó wá gẹ̀ ẹ́. Ẹ pe Alága!"

Wọ́n pe Alága káńsù. Ó wá, torí pé ìbò ò jìnnà. Ó mú ayàwòrán dání. Ó ní òun á gẹ igi kan fún àpẹẹrẹ, wọ́n sì yan igi máńgòrò Búrọ́ọ̀ṣì fún un torí ara rẹ̀ tó lárànbarà. Alága gbá igi náà léjìká, tàbí ibi tó rò pé ó jẹ́ èjìká. "Pẹ̀lẹ́ o. Ìjọba ò gbàgbé rẹ." Bó ṣe yíjú sí ayàwòrán, ẹ̀ka tó wálẹ̀ jùlọ gba fìlà lórí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ fẹ́, ẹ̀ka gòkè, fìlà bá a lọ. Alága fò, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o. Ó tún fò. Ayàwòrán yà gbogbo rẹ̀.

Títì ń pariwo ẹ̀rín. Alága fọwọ́ bo orí, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata.

"Ta ni onílé yìí?"

"Ó jáde, sà," ni Ọ̀gá Ewé wí. "Ó ti pẹ́ tó ti jáde."

"Lọ́la, ẹ gé igi yìí tìdí-tìdí. Kí ẹni tó kọ pátákó fi àmì sí i. Ohun tó bá fi sí i ni òfin. Orí ti ń fọ́ mi."

Ó lọ láìdé fìlà.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ ayùn dé. Ọkùnrin tó gbé e wá sanra, kò sọ̀rọ̀. Ó fa okùn ẹ̀rọ náà wò, ó bú ramúramù, ó tún pa á. Gbogbo àdúgbò jáde. Búrọ́ọ̀ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Ẹ̀yìn rẹ̀ fara kan tótòtó ìyá rẹ̀.

Ọ̀gá Ewé mú un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ti jókòó lábẹ́ igi náà pẹ́, ó ti mọ adùn èso rẹ̀.

"Arákùnrin, gbọ́. Àmì ni kọ́kọ́. Wọ́n ní ohun tí o bá fi sí i ni òfin. Tó bá jẹ́ onílẹ̀ lo fi sí i, tó sì jẹ́ gẹ̀, a jẹ́ pé igi káńsù ni, a jẹ́ pé gígẹ̀ là ń gẹ̀ ẹ́. N ò lè fi ayùn kàn án. Á máa wà bó ṣe wà. O ò sì ní láti wá onílé kankan."

Bàbá Rédíò ti gbọ́, etí rẹ̀ mú ju rédíò lọ. "Tótó kan, ọmọ mi! Tótó kékeré sí ìsàlẹ̀. Gbogbo wa á sinmi. Igi ìyá ẹ náà á bọ́."

"Gẹ̀! Gẹ̀! Gẹ̀!" ni àdúgbò ń pariwo.

Búrọ́ọ̀ṣì wọlé. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré náà wà nínú ife lójú fèrèsé, níbi tí ìyá fi í sí. Irun rẹ̀ ti gan bí èékánná. Ó tì í bọ kẹrosíìnì, ó fi ìka rọra ń tú u. Àwọ̀ tó kẹ́yìn rọra ń jáde níbẹ̀, búlúù ni. Pátákó oníṣègùn eyín nìyẹn. Ó dúró títí àwọ̀ náà fi tán.

Ó jáde, ó gun àkàbà. Ó ká ewé kúrò lójú pátákó. Ariwo rọlẹ̀. Kò mọ ibi tí àmì ń lọ. Ṣùgbọ́n ó ti rí bí wọ́n ṣe ń wá a. Ó pe ọ̀rọ̀ náà sókè.

"Onílé."

Ohùn rẹ̀ gòkè, ó dúró sókè, kò jábọ́. Ó tún un pè. Kò jábọ́.

"Sọ ọ́ kó jábọ́ jàre," ni Bàbá Rédíò ń wí ní ìsàlẹ̀. "Onílẹ̀, onílẹ̀, kí ló le níbẹ̀?"

Kò le. Kéèyàn fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì tọ́ ọ, tọ́, ó parí. Igi á wà. Ìyá á ṣì ni ilé rẹ̀, á kàn jáde ni. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n pè? Ọ̀gá Ewé pè é fún un lẹ́ẹ̀kan, ó tún un pè. N kì í fi ohun tí wọn ò pè sí i. Ó gbọ́ ọ lóhùn ìyá rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n di àkàbà mú fún un nísàlẹ̀.

Ó fà á gòkè. Ó tún fà á gòkè. Kò sí tótó lábẹ́ rẹ̀.

Ó yíjú láti orí àkàbà.

"Màmá mi ò jáde o," ló wí. "Wọ́n ti kú. Èmi ni onílé."

Gbogbo àdúgbò ló ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àyàfi Ọ̀gá Ewé, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bí ẹni pé lójú ẹsẹ̀ yẹn ló ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ayùn gbé e sílẹ̀. Ọ̀gá Ewé rántí gbogbo "onílé ti dé?" tó ti béèrè. Ó ṣí akoto lórí, ó gbé e sáyà, fún ọ̀wọ̀ òkú.

Máńgòrò já látòkè, gbì, láàárín agbárí.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbìyànjú. Ìyá Télọ̀ fi gèlè dí ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ọ̀rẹ́ mi nìyẹn," ló wí, "àga mi tó gbà ló ń bínú sí." Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Búrọ́ọ̀ṣì náà rẹ́rìn-ín lórí àkàbà, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di igi mú, ó gbé ojú lé ara igi náà, nígbà tó yá, kò jọ ẹ̀rín mọ́. Wọ́n jẹ́ kó ṣe é tán. Ọ̀gá Ewé ń fọwọ́ pa orí, ó ń wí pé, "Ẹ kú ìrọ́jú o, onílé. Ẹ kú ìrọ́jú. N ò mọ̀."

Búrọ́ọ̀ṣì nu imú, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó pe èyí tó kàn. "Gé." Ó gòkè. Ó fà á gòkè.

"Áà!" ni gbogbo àdúgbò wí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan ti ń bọ́ agboorùn kúrò lórí igi. Bàbá Rédíò fọwọ́ lé ẹ̀yìn tó ń dùn ún.

"O pa wá, Búrọ́ọ̀ṣì."

"Bí wọ́n ṣe pè é nìyẹn, bàbá."

"Ìyá ẹ ni ẹ́, láìku ibì kan."

Ó fi àmì sí gbogbo rẹ̀ tán. Díẹ̀ nínú rẹ̀ wọ́, kò rí bí ti ìyá. Ó sọ̀ kalẹ̀. Kò tilẹ̀ rò ó, ọwọ́ rẹ̀ ti nu búrọ́ọ̀ṣì kékeré náà sára igi, dúdú, lẹ́bàá búlúù kan. Ìgbà tó ti ṣe é tán ló tó rí i.

Lẹ́yìn náà ló mú àdá. Onílé ni, kò sẹ́ni tó lè mú un. Ó gé èyí tó ń ha bọ́ọ̀sì, ó gé èyí tó bo iná, ó gé òdòdó ẹ̀bá géètì títí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ fi yọ. Ọ̀gá Ewé ń fi ọ̀pá tọ́ka fún un nísàlẹ̀, "Díẹ̀ sí i, onílé. Ó tó." Fìlà Alága bá ẹ̀ka kan wálẹ̀, ìtẹ́ ẹyẹ ti wà nínú rẹ̀. Wọ́n so ó padà sókè fún ẹyẹ. Igi ti ní onílé, ayùn káńsù ò débẹ̀, ìdí rẹ̀ ò gbọgbẹ́. Tótòtó wà níbẹ̀ bó ṣe wà.

Kí oòrùn tó wọ̀, ó fi ìwé ìròyìn wé búrọ́ọ̀ṣì kékeré náà, ó mú ọ̀dà díẹ̀, ó lọ sí ojú oórì. Orúkọ kan wà níbẹ̀ tó ń dúró. Ó pè é sókè, ó tún un pè.

Báyìí ó ti di onílé fún wọn. Iṣẹ́ pátákó ti padà, àmì ń wọ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Olóògùn ń ta oògùn, kò ta òógùn mọ́. Àwọn aládùúgbò ṣì ń bú u nígbàkígbà tí wọ́n bá gun igi pẹ̀lú àdá, tí èèrà bá sì ta wọ́n nídìí. Ọ̀gá Ewé ṣì ń yà láàárọ̀. Ó máa ń gbé àga Ìyá Télọ̀ sábẹ́ igi, akoto ò kúrò lórí rẹ̀ mọ́ láé. Á kan géètì.

"Onílé wà?"

Búrọ́ọ̀ṣì á dáhùn látorí àkàbà. "Mo wà, sà. Mò ń bọ̀."